Kí Ni Ẹ̀gẹ́ Rínrin Ń Dúró Dè?



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lórí fóònù láti Ìkọ̀lé. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí là ń pe enzyme ní Yorùbá? Àwọn ọmọ kàn ń há a sórí ni, kò yé wọn." Ó yẹ kí n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe iṣẹ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdáhùn náà nìyí. Ó gùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ẹ má bínú. Mo ní láti sọ ìtàn kí n tó sọ orúkọ, inú ìkòkò kan tí mo gbé kaná ní 1972 ni ìtàn ọ̀hún sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yunifásítì ni mí nígbà náà. Mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní abà wa, lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ọmùò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ebi ń pa mí, màmá mi sì ti lọ sọ́jà. Mo lọ tu ẹ̀gẹ́ ní apá ìsàlẹ̀ oko, mo bó o, mo gé e, mo sè é bí ẹní ń se iṣu, mo fi epo jẹ ẹ́. Ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tébi ń pa kì í tọ́ oúnjẹ wò. Kò pẹ́ púpọ̀ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi, òyì ń kọ́ mi, mo sì ń bì. Nígbà tí màmá mi dé, èèpo tí mo dà sílẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Ìwọ lo lọ tu ẹ̀gẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn? Ti gààrí nìyẹn o, kì í ṣe ti sísè."

Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo bá ń jiyàn pẹ̀lú èébì lẹ́nu. Mo ní mo ti sè é jinná, pé kò sí májèlé tí iná ò lè pa. Ó wò mí, ó ní, "Iná kì í pa èyí. Rínrin ló ń pa á."

Díẹ̀ ni mo jẹ, Ọlọ́run sì yọ mí, ara mi yá lọ́jọ́ kejì. (Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe lónìí, ilé ìwòsàn ni kó sáré lọ, kó má jókòó sílé máa mu epo.) Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Màmá mi kò kàwé, mo sì rò pé èèwọ̀ lásán ló ń sọ. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onímọ̀ bàọ́kẹ́mísírì tó jókòó tì mí, tó fi bírò ya nǹkan sórí ìwé, tí mo wá rí i pé màmá mi ló jàre. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ìtàn ẹ́ńsáìmù ni látòkèdélẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wá. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láti Brazil. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa tó bọ́ lọ́wọ́ ẹrú ní Brazil tí wọ́n padà sí Èkó àti àwọn ìlú etíkun mìíràn wà lára àwọn tó tan gààrí ṣíṣe kálẹ̀, kó tó máa wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Èdè fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i. Ẹ wo iṣu: iṣu náà ni níbi gbogbo, àwa Èkìtì kàn ń pè é ní uṣu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́, ibì kan ń pè é ní gbágùúdá, ibì kan ń pè é ní pákí. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń sọ lórúkọ tirẹ̀. Òwe wa náà sọ bẹ́ẹ̀: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Gààrí dà níbẹ̀? Kò sí. Lónìí, Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, ní ilẹ̀ oníyán yìí, ẹ ó máa gbọ́ ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìmọ̀ pé ká rin èyí tó korò, ká fún omi rẹ̀ kí iná tó kàn án, òun náà bá ẹ̀gẹ́ rìnrìn àjò ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ inú igbó Amazon ti ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún kí Potogí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí màmá mi sọ fún mi lábà wa ti la òkun kọjá kó tó dé ẹnu rẹ̀.

Kí ló wá wà nínú ẹ̀gẹ́ yìí gan-an? Nǹkan méjì ni, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Èkínní ń jẹ́ linamarin. Ṣúgà ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní glucose, tí a so mọ́ nǹkan mìíràn tí sáyánáìdì, májèlé burúkú nì, fara pamọ́ sí. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ ló wà. Èkejì ń jẹ́ linamarase. Ẹ́ńsáìmù ni èyí, ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ló fi ṣe ilé. Bí ẹ̀gẹ́ bá wà nínú ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àwọn méjèèjì ò pàdé. Ìgbà tí òkété bá gé e jẹ, tàbí tí àwa bá rin ín, ni ògiri yóò wó. Linamarase yóò bá linamarin pàdé, yóò já ṣúgà kúrò lára rẹ̀, èyí tó kù yóò sì tú palẹ̀, sáyánáìdì yóò jáde. Ohun ìjà ẹ̀gẹ́ nìyẹn sí ẹni tó bá bù ú jẹ.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé àwa ń jẹ́ kó yin ìbọn rẹ̀ tán kí á tó jẹ ẹ́. Sáyánáìdì yìí ń di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oòrùn ọ̀sán Ìkọ̀lé tó bẹ́ẹ̀, ó tún lé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò fò lọ, òmíràn yóò bá omi jáde nígbà tí a bá fi jáàkì fún àpò, agbada orí iná yóò sì lé ìyókù. Iṣẹ́ tó ṣe kókó jù ti parí kí iná tó dé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ. Irú ohun kan náà yìí ni àwọn òyìnbó fi mọ ẹ́ńsáìmù. Ní 1837, Friedrich Wöhler àti Justus Liebig ní Jámánì ṣe àyẹ̀wò álímọ́ńdì tó korò. Òun náà ní ohun kan tó fi ṣúgà bo sáyánáìdì mọ́lẹ̀, ó sì ní ohun kejì tó ń já a, èyí tí wọ́n sọ ní emulsin. Kí wọ́n tó ṣe èyí, ní 1833, Payen àti Persoz ní ilẹ̀ Faransé ti yọ nǹkan kan jáde lára ọkà báálì tó hù, tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ìdí kan náà nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń jẹ́ kí ọkà bàbà hù kí wọ́n tó fi pọn ọtí.

Orúkọ náà ń kọ́? Wilhelm Kühne, ará Jámánì, ló sọ ọ́ ní 1877. Èdè Gíríìkì ló ti mú un: *en* ni "nínú", *zymē* sì ni ohun tó ń mú búrẹ́dì wú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ ọ́n: ìwúkàrà ni. "Ohun inú ìwúkàrà" ni ìtumọ̀ enzyme gan-an. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí yá lò, a kàn fi Gíríìkì wọ̀ ọ́ láṣọ ni.

Ìjà wá ń lọ láàárín wọn: ṣé ohun abẹ̀mí nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí, àbí omi inú rẹ̀ tó o? Ní 1897, Eduard Buchner parí ìjà náà. Ó da yanrìn mọ́ ìwúkàrà, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó kó o sínú aṣọ, ó fi ẹ̀rọ fún un. Omi tó jáde kò ní ohun abẹ̀mí kankan nínú mọ́, síbẹ̀ ó sọ ṣúgà di ọtí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1907. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ó lọ̀ ọ́, ó dì í sáṣọ, ó fún un! Àwọn ìyá onígààrí ìbá wò ó, wọn ìbá ní ọmọ wa nìyí.

Emil Fischer ló bi ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù ní 1894. Ó mú ṣúgà oríṣiríṣi, ó fi emulsin àti ẹ́ńsáìmù inú ìwúkàrà dán wọn wò. Ó rí i pé ohun méjì lè jọra pátá, kí ó jẹ́ pé ibi tí ìdè wọn kọjú sí nìkan ló yàtọ̀, bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Ẹ́ńsáìmù kan yóò já ọ̀kan, kò ní fọwọ́ kan èkejì. Ó ní kí ọ̀kan tó lè ṣiṣẹ́ lórí èkejì, wọ́n ní láti bára mu bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Ẹ rántí pé emulsin àti linamarase, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n: irú ìdè ṣúgà kan náà ni àwọn méjèèjì ń já. Àpèjúwe tí gbogbo ọmọ girama láyé ń há sórí, ọ̀dọ̀ ìbátan ẹ́ńsáìmù ẹ̀gẹ́ ló ti jáde.

Ní 1958, Daniel Koshland ará Amẹ́ríkà tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó ní àgádágodo yìí kì í ṣe irin. Ẹ wo fìlà tó wà lórí tábìlì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a bá dé e, yóò mú ìrísí orí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù ṣe ń pa ara dà díẹ̀ nígbà tí ohun tó bá a mu bá wọnú rẹ̀. Yóò dì í mú, yóò sì tẹ ìdè tó fẹ́ já, kó lè rọrùn láti já.

Báwo ni èyí ṣe ń mú iṣẹ́ yá? Àwa Èkìtì ló yẹ kó yé jù, torí ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Bí abà kan bá wà lódìkejì òkè, ẹni tó fẹ́ débẹ̀ ní láti gun òkè náà. Díẹ̀ ló ń lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kì í ti ẹnikẹ́ni, kì í sì í sún abà sí ibòmíràn. Ọ̀nà mìíràn tí kò ga ló ń là gba ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀pọ̀ èrò á sì máa kọjá. Lẹ́yìn iṣẹ́, kò yí padà. Ó ń dúró de ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ìdè ṣúgà tó wà lára owú àti igi, bí a bá fi wọ́n sínú omi lásán láìsí ẹ́ńsáìmù, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé yóò tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún márùn-ún kí ìdajì wọn tó já. Ẹ́ńsáìmù kan sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, carbonic anhydrase, tí ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Leonor Michaelis àti Maud Menten, obìnrin ará Kánádà, ló fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ ní Berlin ní 1913. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Bí oníbàárà méjì bá dé, tí ẹ̀kẹta dé, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ti kún, ogún èèyàn ì báà tún tò sẹ́yìn, kò lè yá ju bó ṣe ń yá lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńsáìmù rí.

Mo lè wá ṣàlàyé ìkòkò 1972 báyìí. Prótíìnì ni ẹ́ńsáìmù, bí funfun ẹyin. Ìrísí rẹ̀ ni agbára rẹ̀, omi híhó a sì máa ba ìrísí yẹn jẹ́ bó ṣe ń mú ẹyin le. Ṣùgbọ́n linamarin kì í bẹ̀rù iná tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo se ẹ̀gẹ́ yẹn láìrin ín, òṣìṣẹ́ tí ì bá tú májèlé dànù ni mo sè pa. Májèlé wà nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì. Inú mi ló wá ti rí ẹni ṣí i, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun wa ní ẹ́ńsáìmù tiwọn. Iná kì í pa èyí, rínrin ló ń pa á. Kò sí ìwé tó lè sọ ọ́ kó ṣe kúkúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí n kò gbọdọ̀ fò dá nínú ìtàn yìí ni ọmọ Èkìtì kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí a bí ní 1935 tó sì kú ní 1995. Oníṣègùn iṣan àti ọpọlọ ni, ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Ní ọdún 1960 sí 1969, ó ń rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ ń jó, tí wọn ò lè rìn gúnlẹ̀, tí ojú ń ṣókùnkùn, tí etí sì ń di. Ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà dé abúlé ní agbègbè Ìjẹ̀bú, níbi tó jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ṣáá, tí ẹran àti ẹja kò tó. Ní 1968, ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ó ní ọwọ́ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé e ti jiyàn lórí bóyá òun nìkan ló fà á, bó sì ṣe yẹ kí ìmọ̀ rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ayé fojú sí àwo oúnjẹ tálákà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹran àti ẹja ti wọ̀ ọ́ ni pé ara wa náà ní ẹ́ńsáìmù tó ń bá sáyánáìdì jà. Rhodanese ni orúkọ rẹ̀. Imí-ọjọ́ ló fi ń sọ ọ́ di ohun tí a lè tọ̀ dànù, inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara sì ti ń rí imí-ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń mu gààrí lásán láàárọ̀ lálẹ́, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní irinṣẹ́.

Àìsàn tó burú ju ìyẹn lọ wà ní Kóńgò. Konzo là ń pè é, èdè Yaka ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ẹsẹ̀ tí a so." Dókítà Trolli kọ nípa rẹ̀ ní 1938. Ọmọdé lè sùn kó jí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti le gan-an, kò sì ní sàn mọ́. Ní Mozambique ní 1981, nígbà ọ̀dá, ó mú èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní agbègbè Bandundu ní Kóńgò, àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀nà ọ̀dà tuntun tó dé ni Kinshasa wà lára ohun tó fà á. Ọjà yá, owó dé, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń rẹ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yára yọ kí ó tó rọ̀. Ògiri sẹ́ẹ̀lì kò ì tí ì wó tán, òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ kò pàdé.

Ohun tó tún gba wọ́n là kò le. Howard Bradbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tẹ ọ̀nà kan jáde: kí wọ́n bu omi sí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú oòrùn fún wákàtí méjì, tàbí sábẹ́ ibòji fún wákàtí márùn-ún, kí wọ́n tó rò ó. Linamarase tó ṣẹ́ kù nínú ìyẹ̀fun yóò jí, yóò parí iṣẹ́. Ní àwọn abúlé Popokabaka ní Kóńgò tí wọ́n ti kọ́ àwọn obìnrin ní èyí, konzo tuntun dáwọ́ dúró.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè olùkọ́ Ìkọ̀lé fi wọ̀ mí lára. Ọ̀nà ti dé ọ̀dọ̀ àwa náà, ọjà ń pè, oníbàárà ń kánjú. Ẹni tó mọ ohun tí àpò ẹ̀gẹ́ rínrin ń dúró dè yóò mọ èyí tó lè gé kúrò nínú iṣẹ́ náà àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé èèwọ̀ àwọn àgbàlagbà ni, bí èmi ṣe rò ní 1972. Ní Ìkọ̀lé kan náà, ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tó ń há linamarase sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ìyá onígààrí, kí àwọn méjèèjì má sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà làwọn ń sọ.

Ní ti orúkọ, olùkọ́, ìmọ̀ràn mi nìyí. Má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀. "Ohun inú ìwúkàrà" tọ̀nà, ṣùgbọ́n yóò mú kí àwọn ọmọ máa ronú búrẹ́dì nìkan. Kọ *ẹ́ńsáìmù* sójú pátákó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Yorùbá ti gba ẹ̀gẹ́ láti òkè òkun, ó sì ti di tiwa. Ọ̀rọ̀ kan kò ní pa wá lára. Lẹ́yìn náà, kó àwọn ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì, kí ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń rin gààrí. Kí ẹ kí àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ dáadáa. Kí ẹ wá bi èyí tó dàgbà jù nínú wọn pé kí ló dé tí wọn kì í se ẹ̀gẹ́ yìí jẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá sọ, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn, lókè pátápátá, kí o tó ya kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo fún wọn.

Ó dìgbà kan ná.